Báwo ni ọmọ barnacle ṣe ń yẹ ojú ibi wò kí ó tó lẹ̀ mọ́ ọn?

Olùkọ́ Kubwa béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Olùkọ́ ìmọ̀ ohun abẹ̀mí ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kubwa, níhìn-ín ní Àbújá, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí sì ti wà lọ́kàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Nígbà tí mo lọ sí Èkó fún ìgbéyàwó àbúrò mi ní oṣù Kejìlá, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, ibẹ̀ ni mo sì ti rí òpó igi àtijọ́ kan tí ó ti wó sí etí omi. Barnacle ti bo ara òpó náà: àwọn ẹ̀dá kéékèèké onílé funfun yẹn, tí wọ́n rí ṣóńṣó bí òkè, tí wọ́n le koko, tí orí wọn sì ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ìkòkò. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn apẹja, mo fi ayùn rẹ́ díẹ̀ lára igi náà, mo sì gbé e wá sí Kubwa nínú àpò ọ̀rá.

Nígbà tí mo gbé igi náà síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo fẹ́ fi ọ̀bẹ yọ ọ̀kan kúrò kí wọ́n lè rí inú rẹ̀. Ìkarahun náà fọ́ sí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ó rí pẹlẹbẹ bí kọ́bọ̀, kò kúrò lára igi rárá. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìbátan akàn àti edé ni barnacle, kì í ṣe ìbátan ìgbín. Pé ó ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri inú òkun nígbà tí ó wà ní ọmọ wẹ́wẹ́. Àti pé bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ ibì kan, ibẹ̀ náà ni yóò wà títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sẹ́yìn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, nawọ́ sókè, ó sì dìde. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí kò bá lè kúrò níbẹ̀ mọ́, ta ni ó sọ fún un pé ibẹ̀ dára? Ṣé ó fi ojú rí i ni, àbí omi ni ó kàn gbé e lu igi?”

N kò ní ìdáhùn tí ó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn, mo sì sọ fún un pé kí ó fún mi ní àkókò. Ìwé tí a ń lò sọ pé ọmọ barnacle máa ń wá ibi tí ó dára láti dúró sí, ó sì fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Ohun kejì tí ó tún rú mi lójú ni pé apá kan igi náà kún fọ́fọ́, ìkarahun ń ti ìkarahun, nígbà tí apá kejì, igi kan náà nínú omi kan náà, kò ní ju méjì péré lọ. Bí ó bá jẹ́ pé omi ni ó ń gbé wọn lu igi, kí ni kò jẹ́ kí ó pín wọn kárí? Àwọn ọmọ náà sì tún béèrè ìdí tí a kò fi rí irú rẹ̀ lára àwọn òkúta etí adágún Jabi tàbí lára àwọn ọkọ̀ tí ó wà ní Lọ́kọ́ja. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kí ó là mí lóye.

Bàbá Sàmárù dáhùn:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì bá mi kí ọmọbìnrin yẹn dáadáa, nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí. Iṣẹ́ ìmọ̀ nípa ẹranko ni mo ṣe ní Zaria kí n tó fẹ̀yìn tì. Òkun jìnnà sí wa níbí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo lo oṣù díẹ̀ ní ilé ìwádìí kan ní etí òkun, mo sì fi ojú ara mi rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ojú àti ọ̀rọ̀ omi kúrò nílẹ̀. Ọmọ barnacle ní ojú, ojú rẹ̀ sì wúlò fún un láti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà àti ibi tí ó ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ni ó fi ń mọ̀ bóyá ibì kan yẹ. Omi náà kọ́ ni ó ń yàn fún un. Fífọwọ́bà ni ó fi ń mọ̀, ó sì tún ń tọ́ ibẹ̀ wò, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ahọ́n kan ọbẹ̀.

Ìgbà ọmọdé rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde láti inú ẹyin ni a ń pè ní nauplius. Ó ní ojú kan ṣoṣo níwájú orí àti ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó ń jẹ àwọn ewéko wẹ́wẹ́ inú omi, ó sì ń bọ́ awọ bí ó ti ń dàgbà, títí tí yóò fi la ìpele 6 kọjá. Nígbà tí ó bá tún bọ́ awọ lẹ́yìn èyí, ẹ̀dá mìíràn pátápátá ni yóò jáde, orúkọ rẹ̀ ni cyprid. Cyprid kì í jẹun. Ọ̀rá tí ó ti kó pa mọ́ sára nígbà tí ó jẹ́ nauplius ni ó fi ń gbé ẹ̀mí ró, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó sì wà fún ni láti wá ibùgbé. Kò gùn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan lọ, ó wà láàárín pẹpẹ ìkarahun méjì tí ó mọ́ gaara, ó ní ojú méjì tí ó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì ní ẹsẹ̀ 6 lọ́tùn-ún àti 6 lósì tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́.

Níwájú orí rẹ̀ ni ìwo méjì tẹ́ẹ́rẹ́ wà, ara àwọn ìwo wọ̀nyí sì ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Ìwo kọ̀ọ̀kan ní oríkèé mẹ́rin. Oríkèé kẹta ní pèpele róbótó kékeré kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó 0.05 mìlímítà, irun kíkúrú tí ó ṣù pọ̀ bí ojú aṣọ àrán sì bò ó. Oríkèé kẹrin yọ sí ẹ̀gbẹ́, àwọn irun gígùn sì wà lórí rẹ̀. Lára wọn ni èyí tí ń mọ bí nǹkan ṣe rí lára àti èyí tí ń mọ ìtọ́wò rẹ̀. Àwọn irun mìíràn tún yí pèpele yẹn ká. Cyprid ń fi àwọn ìwo méjì yìí rìn, bí ẹni tí ó fi ọwọ́ rìn tí ó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Mo jókòó ti ọ̀kan lábẹ́ máíkírósíkóòpù ní ọjọ́ kan, nínú àwo gíláàsì. Ó bà sílẹ̀, ó tẹ ìwo kan mọ́ gíláàsì títí tí pèpele rẹ̀ fi lẹ̀, ó fa ara rẹ̀ síwájú, ó tẹ èkejì, ó sì ká ti àkọ́kọ́ kúrò. Ẹni tí ó ń wọ odò tí kò mọ jíjìn rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ni yóò kọ́kọ́ tì bọ inú omi, èkejì yóò sì wà lórí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń ṣe. Ní gbogbo ìgbà yẹn, oríkèé kẹrin ń ju sọ́tùn-ún sósì, ó ń na gíláàsì pátipàti bí afọ́jú tí ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ní àkọ́kọ́, ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn, ọ̀nà rẹ̀ sì tọ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀, tí ó ń yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń padà sí ibi tí ó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó dúró sójú kan, ó ń fi orí kan ilẹ̀, ó ń yí ara rẹ̀ sí ìhín sí ọ̀hún, mo sì rò pé ó ti yan ibẹ̀. Kò yàn án. Ó ká ìwo rẹ̀ méjèèjì, ó fi ẹsẹ̀ gbá omi, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ. Mo ka ìgbà mẹ́rin tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ní ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àwo kan ṣoṣo.

Ní ti ìdí tí wọ́n fi ṣù jọ sí apá kan igi yín, òun gan-an ni ó dùn mọ́ mi jù lọ. Ní 1953, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Knight-Jones fi hàn pé àwọn cyprid máa ń lẹ̀ sí ibi tí irú wọn bá ti wà, tàbí ibi tí irú wọn ti gbé rí tí ìsàlẹ̀ ìkarahun rẹ̀ ṣẹ́ kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969, Crisp àti Meadows mú omi ara àgbà barnacle, wọ́n fi kun ojú òkúta pẹlẹbẹ, àwọn cyprid sì wá síbẹ̀ ju ibi tí wọn kò kùn lọ. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ wọn ni pé èròjà yìí ní láti lẹ̀ mọ́ ojú òkúta kí cyprid fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ kí ó tó lè mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá kàn dà á sínú omi, kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Púrótíìnì ni èròjà náà, ní 1998 sì ni Matsumura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan yọ púrótíìnì tí ń pe irú barnacle tí ó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ òkun, Amphibalanus amphitrite, sọ́tọ̀ gedegbe.

Ẹ wá wo èyí. Ní 1984, Walker àti Yule fi hàn pé omi aláàtè kan ń jáde lára pèpele ìwo yẹn nígbàkígbà tí cyprid bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń ṣẹ́ kù sílẹ̀ bí ó bá ká ìwo kúrò. Ipasẹ̀ ni. Ojú kò lè rí i àfi bí a bá fi aró pa á, ṣùgbọ́n cyprid mìíràn tí ó bá tẹ orí rẹ̀ yóò mọ̀ pé irú òun ti kọjá níbẹ̀, nítorí pé púrótíìnì kan náà tí ó wà lára àgbà wà nínú ipasẹ̀ náà. Nítorí náà, bí cyprid kan ti ń yẹ ibì kan wò ni ó ń ṣe àmì sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, kódà bí òun fúnra rẹ̀ kò bá dúró.

Ẹ lè sọ fún àwọn ọmọ náà pé kì í ṣe nítorí ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń ṣù jọ. Barnacle kò lè rìn lọ wá ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ akọ àti abo lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n láti bí ọmọ, ọ̀kan ní láti na ẹ̀yà ara akọ rẹ̀, tí ó lè gùn ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, dé inú ilé aládùúgbò rẹ̀. Èyí tí ó bá dá dúró síbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó kò ní aládùúgbò tí yóò bá bímọ.

Ọlọ́dà Lugbe dáhùn:

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Èmi kò kàwé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ọdún 19 họ barnacle kúrò lára ọkọ̀ òkun ní Èkó, ní ibi tí a ti ń gbé ọkọ̀ kúrò nínú omi láti tún un ṣe, kí n tó kó wá sí Lugbe lọ́dọ̀ ọmọ mi. Ohun tí Bàbá kọ nípa ìsàlẹ̀ ìkarahun tí ó ṣẹ́ kù yẹn, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kí etí mi tó gbọ́ ọ.

Bí ọkọ̀ bá gòkè, ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ojú ibi tí àwọn wẹ́dà ti jó irin pọ̀. Wọ́n máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn bí ẹni tí ó tò wọ́n síbẹ̀, nígbà tí irin tí ó dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò ní díẹ̀. Ibi kejì ni ibi tí ìtì igi wà. Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ kì í dúró lórí afẹ́fẹ́ nígbà tí a bá ń kùn ún ní ọ̀dà. Orí àwọn ìtì igi ńlá ni a máa ń gbé e lé, ọ̀dà kì í sì í dé ojú ibi tí irin bá ti jókòó lé igi. Bí ọkọ̀ bá padà wá lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ lè ka iye ìtì igi tí ó jókòó lé lórí nígbà yẹn láti ara barnacle nìkan: ojú kọ̀ọ̀kan onígun mẹ́rin, ó kún dẹ́múdẹ́mú, ọ̀dà tí ó yí i ká sì mọ́.

Ilé iṣẹ́ kan wà tí a ṣiṣẹ́ fún nígbà kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀ ńlá ni wọ́n gbé wá, wọ́n sì ń kánjú. A họ àwọn ìkarahun kúrò, ṣùgbọ́n àwọn ìsàlẹ̀ funfun róbótó yẹn ṣì wà lára irin, mo sì sọ fún ọ̀gá tí ó ń darí iṣẹ́ pé kí ó fún wa ní ọjọ́ méjì sí i kí á fi yanrìn fẹ́ wọn kúrò. Ó ní kí á kùn ún lé e bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà kò dì mọ́ orí àwọn ìsàlẹ̀ yẹn dáadáa, ó bó nínú omi, ọkọ̀ náà sì padà wá kí ọdún tó yípo, barnacle tuntun lórí ojú ibi ti àtijọ́. Ó dùn mí gan-an nígbà náà nítorí pé àwa òṣìṣẹ́ ni wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n sì yọ nínú owó wa. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò bá dán kì í lè sáré, epo tí ó ń jẹ a sì máa pọ̀ sí i, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀dà kan wà tí wọ́n ń pè ní TBT, èròjà tánganran wà nínú rẹ̀, kò sì sí barnacle tí ó lè dúró níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń pa ohun tí a kò rán an sí. Ó mú kí abo àwọn ìgbín òkun kan máa hu ẹ̀yà ara akọ, wọn kò sì lè bímọ mọ́. Àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, IMO, fi ọwọ́ sí àdéhùn láti fòpin sí i ní 2001, àdéhùn náà sì di òfin ní oṣù Kẹsàn-án 2008. Lẹ́yìn èyí, ọ̀dà tí ó ní bàbà nínú ni a ń lò jù, àti irú kan tí a fi sílíkónì ṣe, tí barnacle lè lẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí omi yóò ṣí i kúrò bí ọkọ̀ bá sáré. Mo fẹ́ bi Bàbá pé ṣé òtítọ́ ni ohun tí mo gbọ́, pé wọ́n ti rí oògùn kan tí kì í pa ọmọ barnacle, tí ó kàn ń lé e lọ?

Olùkọ́ Kubwa:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá, ẹ sì ṣeun, Ọ̀gá Ọlọ́dà. Bí mo ti ka ohun tí ẹ kọ tán ni mo gbé igi yẹn sí ojú fèrèsé, mo sì fi gíláàsì tí ń mú nǹkan tóbi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ṣán tóóró kan wà tí ó la igi náà já, mi ò ṣàkíyèsí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí pé ìkarahun bò ó. Àwọn tí ó tóbi jù lọ wà ní etí ẹ̀ṣán náà gan-an, àwọn kéékèèké sì tẹ̀ lé wọn síta. Ó rí gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ti sọ nípa ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn méjì tí mo sọ pé wọ́n wà ní apá kejì ń dà mí láàmú sí i báyìí. Wọ́n jìnnà sí ara wọn, ojú ibi tí wọ́n wà dán, kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ṣé wọ́n ṣi ibẹ̀ yàn ni? Bí gbogbo cyprid bá sì ń tẹ̀ lé ipasẹ̀, ipasẹ̀ ta ni ẹni àkọ́kọ́ tẹ̀ lé?

Bàbá Sàmárù dáhùn:

Ìbéèrè Ọ̀gá Ọlọ́dà ni n ó kọ́kọ́ dáhùn nítorí pé ó kúrú. Òtítọ́ ni. Medetomidine ni orúkọ rẹ̀, oògùn tí àwọn dókítà ẹran fi ń mú ẹran rọ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni tẹ́lẹ̀, Sweden ni wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ náà. Nínú cyprid, ó máa ń fọwọ́ kan iṣan tí ń mú ẹsẹ̀ jà, tí cyprid tí ó ti fẹ́ jókòó yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀ tí yóò sì lúwẹ̀ẹ́ kúrò. Díẹ̀ bíńtín nínú ọ̀dà ti tó, bí ipa rẹ̀ bá sì kúrò lára cyprid, ó lè lọ lẹ̀ síbòmíràn.

Ní ti àwọn méjì tí ó dá wà, Olùkọ́, ẹ rántí ọ̀rá tí mo sọ. Cyprid kò ní ẹnu tí ó fi lè jẹun, ọ̀rá yẹn ni gbogbo oúnjẹ tí ó ní, lórí rẹ̀ náà ni yóò sì ti mú agbára tí yóò fi pa ara dà lẹ́yìn tí ó bá ti lẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá ṣì pọ̀, ó lè kọ ibi mẹ́wàá. Bí ọjọ́ ti ń lọ tí ọ̀rá ń tán, ohun tí ó kọ̀ lánàá lè di ohun tí yóò gbà lónìí. Àwọn tí ń yẹ̀ wọ́n wò nínú ilé ìwádìí mọ èyí dáadáa, nítorí náà ni wọ́n fi máa ń ṣọ́ iye ọjọ́ tí cyprid ti lò kí wọ́n tó fi dán ojú ibì kan wò. N kò ní pè é ní àṣìṣe. Kò sí ibòmíràn tí agbára rẹ̀ gbé e dé. Irú wọn náà ni ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Kì í tẹ̀ lé ipasẹ̀, àwọn nǹkan mìíràn ni ó fi ń mọ̀: bí ibẹ̀ bá ní kòtò tàbí ẹ̀ṣán tí ara rẹ̀ lè wọ̀, bí ìṣàn omi bá ń kọjá níbẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, àti irú ìyọ̀nrẹ́, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń yọ̀, tí ó bo ojú ibẹ̀. Ohunkóhun tí a bá jù sínú òkun, kò ní pẹ́ tí bakitéríà àti ewéko wẹ́wẹ́ yóò fi ṣe ìyọ̀nrẹ́ bò ó, ìyọ̀nrẹ́ yìí ni cyprid sì máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Òmíràn nínú rẹ̀ ń fà á mọ́ra, òmíràn ń lé e.

Ẹ tún sọ fún ọmọbìnrin yẹn ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí cyprid bá gbà pé ibẹ̀ ni. Yóò tẹ ìwo méjèèjì mọ́lẹ̀, àtè tí yóò dì í mú títí láé yóò sì ṣàn wá láti inú ẹṣẹ́ méjì, àwọn àpò kékeré tí ń pèsè àtè náà, tí ó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, gba inú ìwo, dé orí pèpele. Ọ̀rá ni ó kọ́kọ́ ń jáde, láti lé omi kúrò lójú ibẹ̀, púrótíìnì tí ń dì yóò sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ti fi gúlúù lẹ nǹkan tí ó tutù rí mọ ìdí tí omi fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò. Lẹ́yìn èyí ni yóò bọ́ ìkarahun ìgbà ọmọdé, ojú méjì ńlá yẹn yóò bá a lọ, ara rẹ̀ yóò yí padà, ẹsẹ̀ tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́ yóò sì di ọwọ́ tí ó fi ń gbọ́n oúnjẹ wọlé nínú omi. Orí rẹ̀ ni ó fi lẹ̀ mọ́ igi yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni ó ń yọ jáde lókè.

Ọmọ Ọ̀sà, Jos:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Etí ọ̀sà Èkó ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀kọ́ ni ó gbé mi wá sí Jos. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Bàbá, mo fẹ́ fi nǹkan díẹ̀ kún ohun tí ẹ sọ nípa omi, nítorí pé ó dà bí ẹni pé ẹ gba ẹjọ́ rẹ̀ kúrú jù. Cyprid kò lágbára tó láti lúwẹ̀ẹ́ lòdì sí ìṣàn òkun. Omi ni ó ń gbé e dé àdúgbò, òun ni ó sì ń pinnu irú ojú ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá ń wá ilé ní Àbújá yóò mọ ohun tí mo ń sọ: ọkọ̀ tí o wọ̀ ni yóò pinnu bóyá Nyanya tàbí Gwagwalada ni o ti máa wá yàrá, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn yàrá, tí yóò fọwọ́ ba ògiri bóyá ó rin. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ní òtítọ́ nínú ní apá méjèèjì.

Ní ti Jabi àti Lọ́kọ́ja, iyọ̀ ni ìdí. Inú omi iyọ̀ tàbí omi tí iyọ̀ díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ ni barnacle ń gbé. Omi odò Ọya kò ní iyọ̀ tí ó tó rárá, kódà bí ọkọ̀ bá gbé àgbà barnacle láti òkun dé Lọ́kọ́ja, kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀sà Èkó ni ó fi èyí hàn jù lọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń wọ inú ọ̀sà gba ẹnu ibùdókọ̀, iyọ̀ rẹ̀ á ga, àwọn ọmọ barnacle á sì lẹ̀ mọ́ òpó àti ọkọ̀ títí lọ sókè ọ̀sà. Bí òjò bá dé, omi odò á kún, iyọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní òkè ọ̀sà, àwọn tí ó lẹ̀ síbẹ̀ á sì kú. Sandison àti Hill tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí èyí jáde ní 1966, nípa bí iyọ̀ ṣe ń pààlà fún barnacle àti àwọn ẹ̀dá alámọ̀ra mìíràn ní ibùdókọ̀ Èkó àti àwọn odò tí ó yí i ká. Nígbà tí mo wà ní kékeré, a máa ń rí ìkarahun wọn tí kò ní nǹkan nínú lára òpó ilé wa ní oṣù Kẹsàn-án, a kò sì mọ ohun tí ó pa wọ́n.

Bàbá Sàmárù dáhùn:

Òótọ́ ni o sọ, ọmọ mi, mo gbà. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré jù.

Olùkọ́, bí ẹ bá ní ẹni kan ní Èkó tí ó lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ipasẹ̀ yìí han àwọn ọmọ láìlo máíkírósíkóòpù. Kí ó wá pẹpẹ síléètì méjì tí ó dọ́gba. Kí ó fọ́ barnacle tútù díẹ̀ sínú omi òkun, kí ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ó fi omi rẹ̀ kun síléètì kan, kí ó jẹ́ kí ó dúró fún wákàtí kan, kí ó sì fi omi òkun ṣan án. Kí ó fi omi òkun lásán kun èkejì. Kí ó so méjèèjì kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ibi tí omi kì í ti í gbẹ, ní oṣù Kìíní tàbí oṣù Kejì tí iyọ̀ bá pọ̀, kí ó sì kà wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Olùkọ́ Kubwa:

Mo ti pe ọkọ àbúrò mi, ẹni tí ó wà ní Àpápá. Ó ní òun yóò so ó mọ́ jẹ́tì àwọn apẹja ní oṣù Kìíní, òun yóò sì máa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọọjọ́ Sátidé. Ọmọbìnrin yẹn ni mo gbé iṣẹ́ kíkà lé lọ́wọ́. Ó ti fi ìlà pín ìwé rẹ̀ sí méjì, ó sì ti béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé kí òun ka àwọn tí ó bá lẹ̀ sí etí síléètì mọ́ ti àárín, àbí kí òun kà wọ́n lọ́tọ̀. Mo ní kí ó kà wọ́n lọ́tọ̀.